HMS Ocean tí Bràsíl ń pè ní Atlântico: ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn iṣẹ́ ọkọ̀ yìí

Atúkọ̀ Àpápá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àsìkò yìí o. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun níbí, àwọn tó ń gbé bàálù ajàgun àti àwọn tó ń rìn lábẹ́ omi ni ọ̀rọ̀ máa ń dá lé. Ọkọ̀ tó ń gbé sójà àti ẹrù wọn lọ sí etíkun tí kò ní èbúté, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ ká sọ ti ọ̀kan nínú wọn, HMS Ocean ti Ìlú Ọba, tó ti wà lọ́wọ́ Bràsíl báyìí. Lójú tèmi, nínú gbogbo ọkọ̀ ogun tí Ìlú Ọba kàn láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò sí èyí tí wọ́n jẹ èrè owó tí wọ́n ná lé e tó èyí o.

Govan, ní Glasgow, lẹ́bàá odò Clyde, ni wọ́n ti kan ara rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1995 ni wọ́n tì í sómi. Wọ́n wá gbé e lọ sí Barrow-in-Furness láti to ẹ̀rọ àti ohun ìjà sí i. Ọbabìnrin Elizabeth ló sọ ọ́ lórúkọ ní oṣù kejì ọdún 1998. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó wọṣẹ́ ní Plymouth. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 203, ó sì tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 21,500. Ó ń gba hẹlikópítà tó tó 18, ó ń gba Royal Marines, àwọn sójà ojú omi Ìlú Ọba, tó lé ní 800. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń sọ̀ sínú omi láti kó sójà lọ sí etíkun.

Ìlànà tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi kan ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ kò fi ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 pọ́n-ùn lọ, iye tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ogun kékeré kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fírígéètì, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ní ìwọ̀n.

Ìbéèrè Kìítán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá kàn án bí ọkọ̀ akẹ́rù, tí ọta bá wá bà á ńkọ́? Ṣé kò ní tètè rì?

Atúkọ̀ Àpápá

Ìbéèrè tó yẹ lo bi yìí, àbúrò. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn kó lè kojú ọta gan-an, wọ́n máa ń pín inú rẹ̀ sí yàrá kéékèèké tí omi kò lè ti inú ọ̀kan wọ ìkejì, wáyà àti páìpù á sì gba ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí ìkejì bá bàjẹ́. Owó ńlá nìyẹn. Ti Ocean kò dé ibẹ̀, nítorí náà wọn kì í rán an nìkan lọ síbi tí ewu bá wà. Àwọn fírígéètì ló máa ń ṣọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ní ìbọn Phalanx mẹ́ta, tó máa ń dá yìnbọn lu ohun ìjà tó bá ń fò bọ̀, àtàwọn ìbọn kéékèèké, kì í sì í sáré. Nọ́ọ̀tì 18 ni, ìyẹn bíi kìlómítà 33 ní wákàtí kan.

Ara ọkọ̀ ni wọ́n ti dín owó kù. Wọn kò dín àyè inú rẹ̀ kù rárá, àyè yẹn ló sì fi ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kò pé oṣù méjì tó wọṣẹ́ tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi dé, kì í sì í ṣe ogun. Ó wà ní apá Caribbean, wọ́n ń dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò, nígbà tí ìjì Mitch wó Honduras àti Nicaragua palẹ̀. Wọ́n ní kó yà síbẹ̀. Hẹlikópítà rẹ̀ ń gbé omi àti oúnjẹ lọ sí abúlé tí afárá wọn ti já. Ọkọ̀ tí ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì ṣá!

Sójà Àná

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Èmi fi ojú ara mi rí ọkọ̀ tí ẹ ń sọ yìí ní Freetown ní ọdún 2000.

Kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Àwa ọmọ ogun Nàìjíríà nínú ECOMOG la lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF kúrò ní Freetown ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, lẹ́yìn tí wọ́n ti jó ilé, tí wọ́n sì ti gé ọwọ́ àgbà àti ọmọdé. Òkú àwọn ènìyàn wa tó sùn síbẹ̀ kò kéré. Ọ̀gá wa Maxwell Khobe, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fi ṣe olórí ọmọ ogun Sàró, kú ní oṣù kẹrin ọdún 2000. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni RUF kó nǹkan bí 500 ọmọ ogun UN sí àhámọ́, tí ẹ̀rù tún bo gbogbo ìlú pé wọ́n ń padà bọ̀.

Àwọn páráṣúùtù Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ dé, bàálù ló gbé wọn wá sí pápá ọkọ̀ òfurufú Lungi. Ocean dé lẹ́yìn wọn, láàárín oṣù karùn-ún, pẹ̀lú 42 Commando, ìyẹn ọ̀wọ́ kan nínú Royal Marines. Àwọn Commando yìí ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn páráṣúùtù. Ohun tí ẹni tó wà nílẹ̀ ń rí nìyí: ọkọ̀ ńlá kan dúró lójú òkun lókèèrè. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, hẹlikópítà Sea King á gbéra lórí rẹ̀, ariwo rẹ̀ á kọ́kọ́ ti ojú omi wá, á wá fò kọjá lórí àwọn ilé onípáànù débi tí páànù á fi máa gbọ̀n. Àwọn ọmọdé á tú síta, wọ́n á máa juwọ́.

Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé dókítà wọn, oúnjẹ wọn, ọta ìbọn wọn, epo wọn, gbogbo rẹ̀ wà lórí ọkọ̀. Àwa tí a jà lọ́dún tó ṣáájú, bí ẹ̀rọ wa bá bàjẹ́, Èkó la ń wò. Sójà wa kò ya ọ̀lẹ o. Ohun tí yóò máa gbé ẹrù tẹ̀ lé wọn ni wọn kò ní.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó tún padà wá. Wọ́n ní kí àwọn Commando ṣe bí ẹni ń gbógun wọ etíkun ní Freetown, lójú gbogbo ayé, kí ìròyìn rẹ̀ lè dé etí RUF nínú igbó. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gba Freetown sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa wà nínú ilẹ̀ yẹn.

Adùkẹ́ London

Bàbá, ẹ kú ewu. Ọlọ́run á tẹ́ àwọn tó sùn síbẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ èyí fún wa.

Ìbéèrè Kìítán

Àmín o. Bàbá, a dúpẹ́. Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn ọkọ̀ yìí fìgbà kan wọ Spéìn pẹ̀lú ìbọn?

Olùṣirò

Òótọ́ ni. Ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2002 ni. Ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe ní Gibraltar, tí í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí ogún Royal Marines bá ọkọ̀ pẹlẹbẹ láti ara Ocean lọ sí etíkun, wọ́n bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì mú ipò wọn lórí iyanrìn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Etíkun San Felipe ni, ní La Línea, ní ilẹ̀ Spéìn, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà níbẹ̀. Àwọn apẹja ń wò wọ́n. Ọlọ́pàá ìlú náà ló lọ bá wọn tó sọ ibi tí wọ́n wà fún wọn, wọ́n sì padà sínú ọkọ̀ láìpẹ́. Iléeṣẹ́ ààbò Ìlú Ọba tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Spéìn.

Iṣẹ́ yìí le ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ kò ga ju ìgbì lọ. Iyanrìn kan ló ń rí níwájú, iyanrìn gbogbo sì jọra.

Atúkọ̀ Àpápá

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá ṣe é tí kì í ṣe ìdánrawò mọ́. Alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2003, hẹlikópítà láti orí Ocean àti ọkọ̀ agbébàálù Ark Royal gbé 40 Commando lọ sí Al Faw ní ìpẹ̀kun gúúsù Ìráàkì, kí wọ́n lè gba àwọn ibi tí wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì sínú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dáná sun ún. Ogun yẹn fúnra rẹ̀, mo ní èrò mi lórí rẹ̀, kì í ṣe èyí tó dára. Iṣẹ́ ọkọ̀ nìkan ni mò ń sọ níbí.

Líbíà ní 2011 ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Oṣù kẹrin ni Ocean kúrò ní Plymouth, fún ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó padà rí ilé. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lójú omi rí á mọ ohun tí mò ń wí. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń tán ènìyàn lókun, àìmọ ọjọ́ tí a ó padà ni.

Hẹlikópítà Apache ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni wọ́n kó sórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, wọ́n gbéra lóru, wọ́n lọ kọlu àwọn ibùdó ọmọ ogun Gaddafi ní Brega. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Apache Ìlú Ọba máa ti orí omi lọ jagun. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀, iyọ̀ òkun sì máa ń jẹ irin rẹ̀, nítorí náà fífọ̀ àti yíyẹ̀ wò ni iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì tọ̀sán-tòru.

Adùkẹ́ London

Èmi náà rí i. Ìgbà Olíńpíìkì 2012 ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní ìhà Greenwich, ẹ̀gbẹ́ odò ni mo sì máa ń gbà padà sílé láàárọ̀. Wọ́n mú ọkọ̀ náà gba ẹnu ìdènà omi Thames wọlé, wọ́n so ó mọ́ àárín odò níwájú Greenwich. Ó ga, ó gùn, aláwọ̀ eérú. Ọkọ̀ èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ yọ fóònù. Hẹlikópítà Lynx máa ń balẹ̀ sórí rẹ̀, ọkùnrin kan á dúró níwájú pẹ̀lú ohun ìbotí, á máa fi ọwọ́ méjèèjì júwe fún awakọ̀.

Ojú ọ̀run ìlú ni àwọn hẹlikópítà yẹn ń ṣọ́. Sójà pọ̀ tó ń sùn sórí ọkọ̀ náà pẹ̀lú, torí pé iléeṣẹ́ aṣọ́lé tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún kò rí ènìyàn tó, ni wọ́n bá pe sójà láti wá máa yẹ báàgì àwọn tó wá wòran wò. Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Sàró, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wò ó títí. Ó ní ọkọ̀ tó wá sí ìlú àwọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé nìyẹn. Èmi rò pé ó kàn jọ ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òun gan-an ni.

Sójà Àná

Òun gan-an ni, ọmọ mi. Bá mi kí i.

Olùṣirò

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n Atúkọ̀ ò ti ní fohùn ṣọ̀kan. Lẹ́yìn Olíńpíìkì, wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún àtúnṣe ńlá ní Plymouth. Mílíọ̀nù 65 pọ́n-ùn ló gbà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2014. Ní 2015, òun ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba kéde pé ó máa fẹ̀yìn tì ní 2018. Wọ́n tà á fún Bràsíl ní mílíọ̀nù 84 pọ́n-ùn. Ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2018 ni wọ́n sọ àsíá rẹ̀ kalẹ̀, Ọbabìnrin tó sọ ọ́ lórúkọ sì wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ìwà òmùgọ̀. Èmi ò gbà. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n ti ṣírò fún ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú Ọba kò sì ní atukọ̀ tó. HMS Queen Elizabeth, ọkọ̀ agbébàálù tuntun tó wọṣẹ́ ní oṣù kejìlá 2017, ń fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Wọn ò lè fi ọwọ́ kan náà di ọkọ̀ méjì mú. Kí wọ́n gbé e sí èbúté kó máa jẹ owó, tàbí kí wọ́n tà á nígbà tó ṣì níye lórí? Títà ló dára.

Atúkọ̀ Àpápá

Ọ̀gbẹ́ni Olùṣirò, mo gbọ́ yín, ìṣirò yín sì pé. Àmọ́ ẹ wo oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ti ń wá ẹni tó máa rà á. Ìjì Irma ba àwọn erékùṣù Caribbean jẹ́. Àárín òkun Mẹditaréníà ni Ocean wà. Wọ́n ní kó yí padà. Ó yà ní Gibraltar, ó kó ẹrù ìrànwọ́ kún inú, ó sì la Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí British Virgin Islands àti Anguilla. Nígbà tí ìjì Maria tún tẹ̀ lé Irma, ó dé Dominica náà.

Mo ti wọ èbúté tí ìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ rí, nínú iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Kéréènì ti wó. Ọkọ̀ kéékèèké ti rì sí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó mọ omi náà dunjú gan-an kò mọ ibi tó jìn mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù á wà lójú òkun pẹ̀lú ìrẹsì àti omi nínú, kò ní rí ibi já a sí. Irú Ocean kò nílò èbúté. Yóò dúró sí ibi tó jìn, hẹlikópítà á gbé èyí tó kánjú, ọkọ̀ pẹlẹbẹ á gbé kátákátá lọ sórí iyanrìn.

Ẹni kan lè ní Queen Elizabeth ti gba ipò rẹ̀. Hẹlikópítà á balẹ̀ sórí rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ní ọkọ̀ pẹlẹbẹ kankan, kò sì sí olórí tí yóò jẹ́ kí ọkọ̀ olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ etíkun ọ̀tá. Iṣẹ́ yẹn ṣì wà, ẹni tí yóò ṣe é ni wọ́n tà.

Olùṣirò

Ẹ̀gbọ́n, ti ọkọ̀ pẹlẹbẹ yẹn, mo gbà. Ti àìtó atukọ̀, ẹ ò tíì dáhùn.

Atúkọ̀ Àpápá

Kí wọ́n sanwó tó yẹ fún atukọ̀, kí wọ́n sì dá wọn padà sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣèlérí. Àwọn tó lọ fún ọ̀sẹ̀ méje tó di oṣù mélòó kan yẹn, mélòó nínú wọn ni ẹ rò pé ó tún fẹ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́?

Àkànbí Porto Alegre

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ apá ti Bràsíl, torí ìpínlẹ̀ Rio Grande do Sul ni mò ń gbé.

Atlântico ni wọ́n ń pè é níbí. Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n fa àsíá Bràsíl sókè lórí rẹ̀ ní Plymouth, ó sì dé Rio de Janeiro ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ. Kí ẹ tó mọ ìdí tí Bràsíl fi fẹ́ ẹ, ẹ ní láti mọ̀ nípa São Paulo. Ọkọ̀ agbébàálù ni, ti Faransé ni tẹ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Foch. Bràsíl rà á ní ọdún 2000, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Àtúnṣe lónìí, iná lọ́la. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ tú u palẹ̀ ní Tọ́kì, àwọn yẹn ò gbà á torí asbestos, èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó wà nínú rẹ̀. Ó rìn gbéregbère lójú òkun, ìjọba sì mọ̀ọ́mọ̀ rì í sínú Àtìláńtíìkì ní oṣù kejì ọdún 2023. Ọkọ̀ ńlá tó níyì lórúkọ, tó jẹ owó, tí kò ṣe aráàlú láǹfààní. Atlântico kò lè gbé bàálù ajàgun, àmọ́ ó ń kúrò ní èbúté, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń padà.

Oṣù kan náà tí wọ́n rì São Paulo, òjò ńlá wó òkè lu àwọn ilé ní São Sebastião, ní etíkun ìpínlẹ̀ São Paulo. Atlântico lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà àti ilé ìwòsàn.

Omíyalé tiwa wá dé ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ẹ ti rí àwòrán pápá ọkọ̀ òfurufú Porto Alegre tí omi bò mọ́lẹ̀. Omi dé àjà kejì ilé àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìlú yìí kún fún ilé òrìṣà, àwọn tó ń kọrin ní èdè tiwa láti ayé àwọn baba ńlá wọn, wọ́n ń gbé ohun mímọ́ lórí wọ inú ọkọ̀ kékeré. Ohun tó wá ya ènìyàn lẹ́nu ni pé nínú gbogbo omi yẹn, kò sí omi mímu. Ẹ̀rọ tó ń sọ omi di mímọ́ ti wà lábẹ́ omi.

Atlântico dé èbúté ìlú Rio Grande, ní ẹnu adágún Lagoa dos Patos, ní nǹkan bí ọjọ́ 11 oṣù náà. Kò lè wọ Porto Alegre, adágún náà kò jìn tó fún un. Ó kó ẹ̀rọ méjì tó ń sọ omi di mímọ́ wá, àwọn méjèèjì lè fún ni ní nǹkan bíi lítà 20,000 ní wákàtí kan, pẹ̀lú ọkọ̀ kéékèèké, hẹlikópítà àti ẹrù ìrànwọ́. Mo rí ìlà ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Páálí omi, mátírẹ́sì, gálọ́ọ̀nù. Sójà ojú omi kan tó jẹ́ ọmọdé, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ń kọ nọ́ńbà sára gálọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Adùkẹ́ London

Àkànbí, ẹ kú orí-ire pé ẹ̀mí yín là. Ìbéèrè mi ni: kí ni Nàìjíríà ní tó jọ èyí?

Atúkọ̀ Àpápá

Àbúrò mi, a ní méjì rí, NNS Ambe àti NNS Ofiom, tí a rà lọ́wọ́ Jámánì ní 1979. Ọkọ̀ tó ń ṣí imú rẹ̀ lórí iyanrìn kí mọ́tò lè jáde ni wọ́n. Wọ́n jókòó títí wọ́n fi dípẹtà. Èyí tí a ní báyìí ni NNS Kada, Sharjah ni wọ́n ti kàn án, ó sì dé Èkó ní 2022. Mítà 100 ni, kò ju ìdajì gígùn Ocean lọ. Ọkọ̀ dáadáa ni, mọ́tò àti sójà ń wọ inú rẹ̀.

Ìbéèrè Kìítán

Ẹ̀gbọ́n, ní 2022 yẹn kan náà ni omíyalé gé òpópónà East-West, tí oúnjẹ àti epo fi wọ́n bí ojú ní Yenagoa. Ṣé irú Kada lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

Atúkọ̀ Àpápá

Yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ẹnu òkun. Bí Atlântico ṣe dúró sí Rio Grande náà ni Kada á ṣe dúró, ọkọ̀ kéékèèké tí kò jìn nísàlẹ̀ ni yóò gba inú odò dé Yenagoa. Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni iye ọkọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ tó wà nílẹ̀ fún un, àti hẹlikópítà mélòó tó lè balẹ̀ sórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Kí wọ́n máa fi ṣe ìdánrawò omíyalé lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Olùṣirò

Ìdánrawò yẹn, mo wà lẹ́yìn yín. Kò wọ́n.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ní oṣù kọkànlá 2024, Ìlú Ọba kéde pé Albion àti Bulwark, ọkọ̀ wọn méjì tó ń kó sójà lọ sí etíkun, yóò fẹ̀yìn tì. Bràsíl náà ló tún fẹ́ Bulwark.

Àkànbí Porto Alegre

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń sọ ọ́ níbí. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ inú Bulwark tóbi ju ti Atlântico lọ, inú ọkọ̀ gan-an ni omi ti ń wọ̀ kí wọ́n lè léfòó jáde. Fún adágún wa, yóò wúlò púpọ̀.

Atúkọ̀ Àpápá

Ẹni tó bá ní àwòrán Ocean ní Freetown, ní ọdún 2000, kó jọ̀ọ́ gbé e síbí. Bàbá, bí ẹ bá ní tiyín nílé, kí ọmọ yín kan fi fóònù yà á fún wa.

Sójà Àná

Ó wà. Bí iná bá dé, Sànmọ́rí á fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí.